Abẹ̀bẹ̀ Ìrẹsì

Níyìọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ da ìrẹsì gbígbóná sínú ọpọ́n nígbà tí fóònù ìyá rẹ̀ dún. Ẹni tó ń kọ pátákó ní Apple Junction ló ń pè. Ó ní bàbá tó wá gba pátákó ilé oúnjẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ọ̀dà tó gbẹ, wọ́n gbé orí ti ògiri, wọn ò sì dìde mọ́.

Títí di òní, ohun tí Ọlábùnmí, ìyá Níyìọlá, kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú ni ìrẹsì yẹn: bí ooru ṣe ń rú lórí rẹ̀ láìsí ẹni tó máa fẹ́ ẹ, títí tó fi dì mọ́ ọpọ́n.

Iṣẹ́ Fáṣínà, ọkọ rẹ̀, ni fífẹ́ ìrẹsì. Ọkùnrin tí àwọn akọ̀wé máa ń dìde fún ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ní Sátidé, á mú abẹ̀bẹ̀ aláwọ rẹ̀, á jókòó ti ọpọ́n. Níyìọlá á wọ́n fínígà àti ṣúgà sí ìrẹsì, á máa fi ṣíbí onígi yí i, bàbá á máa fẹ́ ẹ.

“Dádì, ẹ rọra. Kì í ṣe iná èédú lẹ ń fẹ́.”

“Ìwọ yí tìẹ. Èmi ni ọ̀gá àgbà ẹ̀ka atẹ́gùn.”

Fáṣínà ló sọ gáréèjì iwájú ilé wọn ní Festac di ilé oúnjẹ súṣì, oúnjẹ ìrẹsì àwọn ará Japan, fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé pátákó náà kọ́ síbẹ̀: SÚṢÌ ỌMỌ FÁṢÍNÀ. Níyìọlá ṣílẹ̀kùn, àwọn èèyàn sì ń wá. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò lè wọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Charles, àbúrò Fáṣínà, wá sọ pé òun ti rí ẹnì kan ní Trade Fair tó fẹ́ yá gáréèjì náà láti máa ta ẹ̀yà mọ́tò, Ọlábùnmí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Níyìọlá kò bá wọn jà. Ohun tó sọ kò ju pé, “Mọ́mì, kí ẹ̀yin àti Àńkù kọ́kọ́ wá jẹun kí ẹ tó pinnu.”

Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi jókòó sídìí tábìlì kékeré kan nínú gáréèjì náà ní ọ̀sán Sátidé yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọlábùnmí máa wọ ibẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ti ibi ìdánrawò kọ́áyà dé. Níyìọlá kúnlẹ̀, ó gbé oúnjẹ náà síwájú wọn lórí pátákó pẹlẹbẹ: ìrẹsì tó fọwọ́ dì kéékèèké, tó gé ẹja Títù tó ti fi iyọ̀ àti fínígà rẹ lé lórí, àti èyí tó fi ewé inú òkun wé mọ́ edé àti píà.

Charles fi ìka kan ìrẹsì náà. “Níyì, gbé e lọ kaná. Ó ti tutù.”

“Àńkù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.”

“Ṣé fún àlejò? Ìyàwó wa, ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ìrẹsì àná ni wọ́n fi ń ṣe mí lálejò nílé ẹ̀gbọ́n mi.”

Àwọn ọmọ kọ́áyà yíjú sí wọn. Níyìọlá na ọwọ́ láti gbé oúnjẹ náà kúrò, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní kó dúró.

Òótọ́ ni pé wọn kì í gbé ìrẹsì tútù síwájú àlejò. Ọlábùnmí fúnra rẹ̀ ló kọ́ Níyìọlá bẹ́ẹ̀. Ó mú ẹyọ kan. Kò gbóná, kò sì tutù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá di ọwọ́ èèyàn mú. Lójú ẹsẹ̀ ló rí ilé ìdáná wọn ní Sátidé, síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn, abẹ̀bẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀.

“Bọ̀dá Charles, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. Wọ́n ti bí Charles kí òun tó wọlé ọkọ, nítorí náà, bó tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí, Bọ̀dá ló ń pè é, kò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu rí. “Kì í ṣe ìrẹsì àná. Òní ni wọ́n sè é. Ńṣe ni wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó lè rí báyìí. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe ní gbogbo Sátidé nìyẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi? Wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì?”

“Tàwọn ti síńgílẹ́ẹ̀tì.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Charles kó tó mọ̀. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó mú òmíràn.

Ọlábùnmí di ojú, ó gbàdúrà sí tirẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Iyọ̀ ẹja ló kọ́kọ́ dé, kíkan tẹ̀ lé e, ìgbà tó yá ni adùn ìrẹsì rọra yọ. Ní tábìlì kejì, ọmọkùnrin kan gbé àwo òfìfo sókè: “Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ tún mú wá.” Ọmọ òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọlábùnmí jókòó dáadáa, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ọmọ ẹni níwájú gbogbo ìjọ.

“Ẹ bá mi sọ fún ẹni Trade Fair yẹn pé kó wá ibòmíràn,” ó ní.

Oúnjẹ wà lẹ́nu Charles. Ó mi orí pé òun ti gbọ́.

Ní ilé ìdáná, Níyìọlá ń da ìrẹsì mìíràn sínú ọpọ́n. Ó ti gbé fáànù kékeré kan sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ aláwọ náà wà lára ìṣó níbi tí Fáṣínà fi í kọ́ sí. Kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án látìgbà tó ti kú. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó pa fáànù, ó gbé e kúrò lórí àpótí. Ó gbọn eruku abẹ̀bẹ̀ náà nù, ó fi ìborùn gbàjá, ó sì jókòó ti ọpọ́n.

Níyìọlá mú ṣíbí onígi.

“Ẹ rọra o, Mọ́mì. Kì í ṣe iná èédú lẹ ń fẹ́.”

“Ìwọ yí tìẹ,” ni Ọlábùnmí wí, ó sì ń fẹ́ ẹ lọ.