Ìdúpẹ́ Ayọ̀bọ́lá

"Ìyàwó, jókòó. A ò pè ọ́ pé kó o sọ̀rọ̀."

Àpọ̀kẹ́ jókòó bí olórí ẹbí ṣe wí. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó bí ni wọ́n ń sọ, ní pálọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, àmọ́ nínú ẹbí yìí, ní Èrìjìyàn, ìyàwó kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Oko kòkó tí òun àti ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara wọn gbìn ni wọ́n fẹ́ tà kí Ayọ̀bọ́lá lè kọ́ṣẹ́ páílọ́ọ̀tì. Ẹbí ní àwọn tó ni ilẹ̀ ni yóò yan ilé-ẹ̀kọ́.

Ayọ̀bọ́lá kúnlẹ̀ síwájú Bọ́láwálé, bàbá Adékúnlé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń gbé Adó.

"Bàbá Adó, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ mú wá. Ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Èyí tí mo rí lókè Ọya, mo ti yege ìdánwò wọn. Ọkọ̀ tiwọn ń fò. Ẹni tí kò bá fò kò lè gba ìwé-àṣẹ."

"Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ àná fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n!" Bọ́láwálé bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìjọ wa ló ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Àlùfáà wa ló gbàdúrà sí i. Ṣé òkè Ọya tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé lo fẹ́ lọ kú sí?"

Olórí ẹbí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni kò mọ̀ pé Bọ́láwálé ló ń bá onílé-ẹ̀kọ́ náà wá akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń gba owó tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀? Gbogbo wọn ló mọ̀. Òun ló ń dúró tì wọ́n nígbà ìnáwó, wọ́n bá panu mọ́.

Wọ́n ta oko. Ayọ̀bọ́lá lọ, ó sì ń fọ ọkọ̀ tí kì í fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ìjọba fi wá ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Aṣọ funfun tó ní okùn wúrà léjìká nìkan ló mú bọ̀ wálé.

Àpọ̀kẹ́ rò pé ojú yóò ti Bọ́láwálé. Ojú wo! Ńṣe ló dé láti Adó, tó ní kí wọ́n múra ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìdúpẹ́ kí ni, Bàbá Adékúnlé?"

"Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ pé a ta ilẹ̀ sófo ni? Kó wọ aṣọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá la ẹnu, ẹ wá ibòmíràn gbé. Ilé ẹbí lẹ wà."

Ó jáde. Ayọ̀bọ́lá di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. "Màámi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n wọ̀ ọ́."

Inú Àpọ̀kẹ́ bà jẹ́ débi pé kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀. "Wọ̀ ọ́, ọmọ mi," ló sọ. "Níbo la fẹ́ sùn?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ dìde. "Páílọ́ọ̀tì wa! Páílọ́ọ̀tì wa!" Bọ́láwálé ló ń jó níwájú. Ẹ̀rín wà lẹ́nu Ayọ̀bọ́lá, ṣùgbọ́n ẹkún ló wà nínú rẹ̀. Àpọ̀kẹ́ náà jó tẹ̀lé wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Comfort, opó kan nínú ìjọ wọn, fi gbé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá.

"Ìyá Páílọ́ọ̀tì! Mo wá dúpẹ́ ni. Bàbá Adékúnlé sọ pé onílé-ẹ̀kọ́ yẹn ti ṣí òmíràn. Àtìgbà tí mo ti rí Ayọ̀bọ́lá nínú aṣọ yẹn, mo ti ní Àánú ọmọ tèmi náà á fò. A ti ta oko. Inú oko náà ni mo ti bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kẹ́yìn. Ẹ bá mi súre fún un."

Àpọ̀kẹ́ la ẹnu. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó rí ilẹ̀kùn yàrá tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn sí nínú ilé ẹbí.

"Ọlọ́run á ṣe é ní àṣeyọrí," ló sọ, ó sì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.