Alárenà Àwọn Ìràwọ̀ Kékeré

Alárenà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Kí ni ká tún pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa so ìràwọ̀ méjì-méjì pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kó wá jókòó tì wọ́n, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń bára wọn dàgbà? Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe àtẹ ńlá kan fún àwọn ìràwọ̀ gìrìwò. Bó o bá fẹ́ mọ ohun tí ìràwọ̀ méjì tó tóbi tó báyìí, tó jìnnà síra tó báyìí, yóò dà bí wọ́n bá gbó, inú àtẹ náà lo máa wò. Wọ́n wá gba Alárenà síṣẹ́ pé kó na àtẹ ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ àwọn kékeré, àwọn tí kò ju oòrùn wa lọ. Bó bá ṣe é yọrí, iṣẹ́ rẹ̀ á di iṣẹ́ gidi, wọn ò ní gba ilé tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ sí mọ́, ìyàwó rẹ̀ á sì kó wá bá a.

Nítorí alárenà wa yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín o, òun àti ìyàwó rẹ̀ kò gbé pọ̀. Nọ́ọ̀sì nìyàwó, ní ìlú mìíràn tó jìnnà. Látìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, orí fóònù ni wọ́n ti ń bára wọn jẹun alẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà.

Oṣù tó kọjá ni kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń bá àwọn mìíràn pín lò ṣe ìṣirò náà tán. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí ìràwọ̀ méjì bá fara kanra, tí ọ̀kan ń fa ara èkejì mu, ìṣirò máa ń dàrú. Kọ̀ǹpútà á kọsẹ̀, á dákú, wàá tún un gbé dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí èyí tó dákú nínú wọn. Gbogbo wọn lọ geere títí dópin. Inú Alárenà dùn ṣìnkìn, ó jó yí tábìlì po, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti parí," ló wí. "Kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó o máa bọ̀."

Kò yẹ kó jó. Iṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ba irú rẹ̀ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àárò ìyàwó ti sọ ọ́ jù, kò sì rójú wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìyàwó pè é pé ọkọ̀ akẹ́rù ti dé.

"Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mì yẹn ńkọ́? Ṣé ká sọ ọ́ nù?"

"Gbé e wá, mo máa tún un ṣe."

"Ẹ̀yin? Ọdún wo?" Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni Ọ̀gá wọlé, obìnrin àgbà kan tí kì í pariwo. Bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alárenà, àwọn tó fara kanra dà?"

"Àwọn wo, mà?"

"Àwọn ìràwọ̀ kékeré tó lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n kún ojú ọ̀run. Mo wo àtẹ rẹ látòkèdélẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan níbẹ̀."

Alárenà yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣí ibi tó kọ àṣẹ ìṣirò sí. Ti àwọn ìràwọ̀ ńlá ló dà kọ, bí gbogbo àwọn oníṣẹ́ yìí ṣe máa ń ṣe, torí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ látòdo. Nínú rẹ̀, bíréèkì tó ń dín àyípo ìràwọ̀ kù wà ní pípa. Àwọn ńlá kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kékeré ní òòfà lára, òòfà yẹn sì máa ń di atẹ́gùn tó ń fẹ́ kúrò lára wọn mú. Ìyẹn ló ń jí lára agbára àyípo wọn, tí wọ́n fi ń sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi kanra. Láìsí i, oníkálukú wọn dúró sáyè rẹ̀ títí ó fi gbó. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kò fi kọsẹ̀: kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, mà. 'Rárá' ni mo fi síbẹ̀."

"Èmi náà wò ó, mo sì fọwọ́ sí i," ni Ọ̀gá wí. Ó jókòó.

Lójú Alárenà níbẹ̀ ni Ọ̀gá ti pe àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá. Wọ́n ní wákàtí tí àwọn pín fún Ọ̀gá ti tán, àwọn ẹlòmíì ti wà lórí rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó pe àwọn tó ń sanwó iṣẹ́ náà. Àwọn yẹn káàánú gan-an, wọ́n tilẹ̀ béèrè àlàáfíà ìyàwó. Ṣùgbọ́n òpin oṣù yìí náà ni gbèdéke wọn, bí kò bá sí àtẹ, kò síṣẹ́, kò sílé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ká ní ọwọ́ mi ló wà, ọmọ mi," ni Ọ̀gá wí, ó sì dìde.

Nígbà tí Ọ̀gá jáde, Alárenà tan bíréèkì, ó sì fún kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì rẹ̀ ní ìràwọ̀ méjì péré. Ó káwọ́ lérí, ó ń wò wọ́n títí ọ̀sán. Wọ́n sún mọ́ra, wọ́n tún sún mọ́ra, wọ́n kanra. Kọ̀ǹpútà kọsẹ̀, ó dákú, bó ṣe yẹ kó rí látìbẹ̀rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Fóònù dún.

"Baálé mi, a ti di ẹrù tán! Ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ mi ti ń gbálẹ̀ yàrá. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sunkún, ẹ ò ní gbà gbọ́."

Kò sọ̀rọ̀ òòfà, kò sọ ti bíréèkì. "Mo ṣàṣìṣe," ló wí. "Iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́. Wọn ò ní gbà mí mọ́, wọ́n á sì gba ilé yìí."

Nínú fóònù, Alárenà ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ń kùn, ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń béèrè nǹkan. Ó fẹ́ bẹ ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ sọ pé yóò dáa.

"Awakọ̀ ń bi mí léèrè ibi tí à ń lọ," ni ìyàwó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?"