Omi Òkúta Pupa

"Mu ún kó tó tòrò, Rónkẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni kí o mu."

Ìyá Nọ́fíù gbé ife lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Omi inú rẹ̀ pupa bí omi àgbàrá. Láti ìdájí ni ìyá ti jókòó ti ọlọ, tó ń ha òkúta lántànà lé e lórí, tó sì ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Òkúta yìí ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ n'Ílọrin, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe títí ó fi kú. Nínú agbo ilé wọn, omi tó bá ṣẹ́kù lórí ọlọ kì í ṣòfò. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ ni wọ́n ń fún mu. Wọ́n ní òkúta tó bá pupa tó yẹn, ẹ̀jẹ̀ a máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Oyún Rónkẹ́ ti pé oṣù mẹ́jọ. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí, ó sì ti ń rí ẹ̀jẹ̀ láti àná.

"Màmá, ṣé kí n má gbé e lọ sọ́sibítù báyìí?" Nọ́fíù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti múra iṣẹ́ èbúté, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọsibítù wo? Èyí tí sójà tó fara gbọgbẹ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú? Ta ló máa rí tìyàwó rẹ rò níbẹ̀? Òkúta yìí ló dá ẹ̀jẹ̀ mi dúró nígbà tí mo lóyún rẹ. Àbí ìwọ ò wá sáyé ni?"

Irọ́ kọ́. Ọdún 1969 ni, ogun kò tíì parí, kò sì sí ibùsùn tó ṣófo ní ọsibítù Port Harcourt. Àti pé, báwo lèèyàn ṣe ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn nígbà tó jẹ́ òun gan-an ni ẹ̀rí? Nọ́fíù lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ dá.

"Alihamudulilahi!" Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú yàrá. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Rónkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé ikùn, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló tó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí ò yí láti àná o."

"Ó ń sinmi ni," ni ìyá dá sí i. "Òun náà ti jìyà."

Nọ́fíù kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó sáré lọ pe takisí.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, Boma, fetí sí ikùn Rónkẹ́ níhìn-ín, ó fetí sí i lọ́hùn-ún, ó sì mi orí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Rónkẹ́ bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà kò ké. Gbogbo ìka rẹ̀ pé, irun kún orí rẹ̀. Ó mà ṣe o!

Boma jáde wá bá Nọ́fíù àti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú sì ń bí i. "Oga, why una keep am for house? If una bring am the first day, this pikin for dey alive!"

Ìyá kò gbọ́ pijin. Ó fa aṣọ ọmọ rẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ kú ìtọ́jú, Màmá," ni Nọ́fíù wí.

"Nọ́fíù." Ohùn ìyá rẹlẹ̀. "Ojú tó fi wò mí yẹn, kì í ṣe ojú ẹni tó ń kíni. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Ó sọ ọ́, pé ká ní wọ́n ti gbé Rónkẹ́ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ọmọ náà ìbá wà láàyè. Ẹkún gbà á lẹ́nu kó tó parí rẹ̀.

Ìyá kò figbe ta. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wọlé, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá ọkọ ló kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Rónkẹ́ kọjú sí ògiri.

"Rónkẹ́, ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ṣe é."

Rónkẹ́ yíjú padà sí i.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, Màmá. Ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ̀rù ọsibítù ń ba èmi náà, òun ni mo ṣe mu ún." Ó nu ojú. "Àga wà níbẹ̀ yẹn, ẹ jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ lónìí."

Ìyá dìde. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan.