Báǹkì Tí N Kò Ní Wọ Inú Rẹ̀

Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì wa ní Area 1 ṣẹ̀ mí. Wọ́n ṣàánú mi jù ni. Láti ìgbà tí bàbá Mofẹ́olúwa ti kú, ní ọdún 2007, bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́gààdì á ṣí fìlà: "Ẹ kú àràfẹ́rakù, Mà." Ọmọbìnrin tí ń gbowó á na ọwọ́ jáde láti abẹ́ gíláàsì kí ó lè di tèmi mú. Máníjà pàápàá á jáde wá sọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́. Inú rere ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sunkún jáde níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí owó tí mo fẹ́ fi pamọ́ ṣì wà nínú báàgì mi. Owó yunifásítì Mofẹ́ ni. Bí owó náà bá sì bá mi délé, ará ilé kan á pè láti Ẹ̀gbẹ́, ìlú wa, n óò sì fi ránṣẹ́ sí i. Mo mọ ara mi.

Mo sọ fún Alhája Ìdáyátù, aládùúgbò mi ní Garki, ọmọ Ìlọrin tí ń ta gèlè ní ọjà Wuse, pé mo ń wá báǹkì tí èèyàn ti lè ṣe ohun gbogbo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n má baà máa rí ojú ẹnikẹ́ni. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé," ni ó wí. "Kó ìwé tí àwọn ọmọ báǹkì ń pín ní ọ́fíìsì yín dání."

Mo kó mẹ́ta lọ. Mo ti fi bírò fa ilà sábẹ́ èlé tí báǹkì kọ̀ọ̀kan ń san. Alhája kò tilẹ̀ wò ó.

"Èlé kò kan èmi Mùsùlùmí, ìwọ ni o máa jẹ ẹ́. Èmi fẹ́ mọ ẹni tí yóò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. O ní o kò fẹ́ rí ojú wọn. Ó dáa. Ohùn wọn ló kù ká yẹ̀ wò."

Ó tẹ nọ́ńbà báǹkì àkọ́kọ́. Orin ni wọ́n fi sí i létí. Ó gbé fóònù lé orí tábìlì, ó ta gèlè fún obìnrin kan, wọ́n ná an títí wọ́n fi gbà, orin ṣì ń lọ.

"Kai! Àríyá ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe," ó sì pa á.

Ọkùnrin kan dáhùn ní ti èkejì. Alhája bi í pé bí èèyàn bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń wọlé ńkọ́?

"Kí ó lọ sí ẹ̀ka wa tó sún mọ́ ọn, Mà."

"Ẹ̀ka náà gan-an là ń sá fún, bọ̀dá mi."

Mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Bí ó ti ń na gèlè sí ìmọ́lẹ̀ kí ó tó rà á ni ó ń na ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí.

Fèyí ni orúkọ ọmọbìnrin tó dáhùn ní báǹkì kẹta. Nígbà tí Alhája bi í ní ohun kan tí ó ta kókó, ó ní, "N kò mọ ìyẹn, Mà. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè." Ó bèèrè lóòótọ́, ó sì padà wá.

"Eléyìí gbà pé òun kò mọ̀," ni Alhája wí fún mi. "Tìrẹ nìyí."

Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé owó yunifásítì ọmọ mi ni mo fẹ́ máa fi pamọ́, mo sì ní kí ọ́fíìsì wa máa san owó oṣù mi síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí Alhája wà ní pálọ̀ mi, tí ó ń jẹ ẹ̀pà, Fèyí pè. Ó kù kí ó ṣí ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bi mí ní ìbéèrè kan kí ó lè dá a lójú pé èmi ni.

"Kí ni orúkọ ọkọ yín, Mà?"

"Bàbá Mofẹ́olúwa."

"Èyí tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù, Mà."

Mo lè kọ ọ́. N kò fi ẹnu mi pè é rí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Olówó orí mi ni mo máa ń pè é, tàbí Dádì, bí àlejò bá wà nílé. Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ náà níbi ìsìnkú, n kò bá wọn kà á.

"N kì í pè é ni," ni mo wí.

Fèyí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá mi náà kì í pe bàbá mi. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà mí láyè láti ṣí i láì gbọ́ ọ. Ẹ má kánjú, Mà. Mo wà níbí."

Kò fi orin sí mi létí. Ó dúró. Mo ń gbọ́ bí ó ti ń mí. Mo fẹ́ pa fóònù náà kí n kúkú padà sí Area 1, sọ́dọ̀ mẹ́gààdì àti fìlà rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?" Alhája bèèrè. Mo sọ fún un.

"Pè é, jàre. Bí ó bá bínú, ní kí ó wá bá mi jà."

"Hezekiah," ni mo wí. Mo mí kanlẹ̀. "Hezekiah Ọbayẹmí."

"Ẹ ṣeun, Mà. Mo ti ṣí i. Bí owó oṣù yín bá ti wọlé, ẹ lè fi ti ọmọ yín pamọ́ láti orí àga yín."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Alhája ti dáwọ́ ẹ̀pà dúró.

"Ṣé bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn? Gbogbo ọdún tá a fi jọ gbé àdúgbò, Bàbá Mofẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Tún un pè kí n gbọ́."

Mo tún un pè fún un.