Kì í Ṣiṣẹ́ Kankan

"Iṣẹ́ wo ni ìyàwó yín ń ṣe kí ọlọ́jọ́ tó dé?"

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ kan ló bi káfíńtà kan bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn ni bíréèkì rẹ̀ já, tó sì pa obìnrin náà lẹ́bàá ọ̀nà. Káfíńtà tún jókòó dáadáa. Ìdáhùn náà ti mọ́ ọn lẹ́nu tipẹ́. Ó máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣiṣẹ́ kankan, sà. Ilé ló ń jókòó sí. Èmi ni mò ń gbọ́ gbogbo bùkátà."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó bá a wá, tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àmọ́ ẹyin ti bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló sì fọ́. Agbẹjọ́rò rọra dé bírò rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ohun tí olóògbé ń mú wọlé la fi ń díwọ̀n ohun tí ẹbí pàdánù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì sọ pé kò mú nǹkan kan wọlé. A óò bá yín gbé ìnáwó ìsìnkú nìkan."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìyá ọkùnrin yìí rọ lápá, ó rọ lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ọmọ ló ń lọ mú ní ilé-ìwé tí ọkọ̀ yín fi..."

"Mo gbọ́ yín, mà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ìyàwó ilé ni wọ́n."

Káfíńtà rántí ohun tó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ òun, káfíńtà ló ní, "Ta ni yóò máa tọ́jú ìyá mi?" Nígbà tó sì sọ pé ó rẹ òun, òun náà ló bi í pé, "Kí lo ṣe tó fi rẹ̀ ọ́?"

Ní ibùdókọ̀, ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè. "Ọkọ̀ ló pa á. Ìwọ lo sọ ọ́ di ẹni tí kò já mọ́ nǹkan." Ó wọ ọkọ̀ tirẹ̀ lọ.

Káfíńtà wá ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú ilé. Owó tí ẹni àkọ́kọ́ pè ju èyí tó ń rí nídìí pákó lọ. Ẹnìkejì wo ìyá arúgbó lórí ibùsùn, ó ní apá òun ò ká a. Kò pẹ́ tí ara ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dégbò. Ni ó bá pe àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé jù nínú kíláàsì wọn.

"Dúró sílé ná. Ìwọ lẹ̀gbọ́n."

Ọmọ náà ò bèèrè ìgbà tí òun yóò padà sílé-ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káfíńtà gbọ́ ohùn olùkọ́ ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yára wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó fa kọ́tìnnì. Ọmọ tó ń fọ aṣọ ibùsùn ìyá àgbà ní ẹ̀yìnkùlé rí bàbá rẹ̀ bó ṣe ń sá wọlé.

"Bàbá ẹ ńkọ́?" ni olùkọ́ bi í nígbà tó yí dé ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ náà nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Wọn ò sí nílé, mà."

"Tí wọ́n bá dé, sọ fún wọn pé mo wá. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Wọ́n á gbọ́, mà."

Káfíńtà ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ olùkọ́ ṣe ń lọ, ó sì ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ. Ìyá rẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ń wò ó láti orí ibùsùn. Káfíńtà kọjú sí ògiri.