Ẹlẹ́rìí Àǹtí Dáradára

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aránṣọ ni, aṣọ ìyàwó ló sì ń rán jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà ọmọge rẹ̀, ó tín-ín-rín débi pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kó tètè di nǹkan mú. Ìgbà tó bí ọmọ kẹta ni ikùn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ tán, tí kò sì padà mọ́. Ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní òun ò rí ohun tó ṣe ikùn náà. Ṣùgbọ́n ọkọ kọ́ ló ń dúró níwájú dígí ńlá ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, tó ń fi téèpù wọn ìbàdí àwọn omidan tó fẹ́ lọ sílé ọkọ.

Ọkọ yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Dáradára, nítorí kò sí ohun tí wọ́n bi í tí kò ní fi "dáradára ni" dáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àwọn obìnrin lọ sókè òkun láti lọ tún ara ṣe: ẹni tó fẹ́ kí ikùn òun wọlé, ẹni tó fẹ́ kí ọmú òun dìde, ẹni tí imú rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi àwòrán ọsibítù kan han Abẹ́rẹ́ lórí fóònù. Ilé funfun gàgàrà ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, dókítà obìnrin kan tó wọ awò ojú sì dúró síbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ bèèrè bóyá òun lè bá dókítà náà sọ̀rọ̀ kí òun tó gbéra. Àǹtí ní kí ìyàwó àwọn má da ara rẹ̀ láàmú, pé ẹbí kì í rẹ́ ẹbí jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Èèyàn lè da ìbéèrè bo àlejò. Ta ló ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àna rẹ̀ wò?

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, wọn kò dé ilé funfun náà rárá. Ilé alájà kan ni wọ́n yà sí, lẹ́yìn ìsọ̀ táwọn èèyàn ti ń ta táyà, òórùn rọ́bà sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àǹtí ní ilé funfun ti kún, pé ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin kan ló wọlé, kì í ṣe obìnrin tó wọ awò ojú. Kò bi Abẹ́rẹ́ pé àìsàn wo ló ń ṣe é tàbí oògùn wo ló ń lò. Ó fi bíró fa ìlà sí i níkùn, Abẹ́rẹ́ sì rí i pé ìlà náà wọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oògùn oorun tí wọ́n fún un ti ń gbé e lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e sí yàrá kan lókè tí ibà fi dé. Ojú abẹ náà là, ó sì ń rùn. Àǹtí Dáradára dé ẹnu ọ̀nà, ó fi gèlè bo imú, ó ní òun ń lọ ra oògùn. Kò padà wá. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ pe fóònù rẹ̀ títí tí kò lọ, Àǹtí ti wà nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sílé.

Obìnrin agbálẹ̀ ilé náà, arúgbó kan tí òun àti Abẹ́rẹ́ kò gbédè ara wọn, ló ṣílẹ̀kùn láti gbálẹ̀. Ó rí ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ dá ọkọ̀ dúró lójú títì. Ọsibítù tó gbé e lọ ni ilé funfun inú àwòrán.

Dókítà tó wọ awò ojú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òun ló gé ẹran tó ti jẹrà kúrò, tó wẹ egbò náà, tó tún un wẹ̀. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ lè jókòó, nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ èdè rẹ̀ bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀. Dókítà ní òun kò gbọ́ orúkọ Àǹtí rí, àwòrán òun ni wọ́n jí. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè pe òun láti ilé rẹ̀, kó bi òun ní ohun tó bá fẹ́, òun kì í gba nǹkan kan fún un. Ó wá bèèrè iye tí Abẹ́rẹ́ san fún Àǹtí. Owó náà ì bá tó iṣẹ́ abẹ ní ilé funfun yìí, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti ìtọ́jú títí tí ara á fi yá. Abẹ́rẹ́ kò sunkún látìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà kò sunkún. Ó kàn ń wo àjà ilé, ó sì ń rò ó.

Nígbà tó dé ilé, Àǹtí ti ròyìn fún gbogbo ẹbí pé Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ ti dókítà, pé ó fẹ́ dúró gbádùn òkè òkun. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ṣí ikùn náà hàn. Mẹkáníìkì náà wò ó, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó dìde. Abẹ́rẹ́ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ máa jà, ẹbí á pe ìpàdé, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀, wọ́n á ní ó ti tán. Èmi ò fẹ́ kó tán."

Ọkọ rẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Òun ló pọ̀n mí nígbà tí màámi ń ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀. Kò dá sí i mọ́, kò sì tú u fó.

Nígbà tí Àǹtí wá kí i, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ó ní Àǹtí kú wàhálà òun, pé gbogbo ẹ̀ ti lọ, kí wọ́n wò ó bí ikùn òun ṣe tẹ́. Ọ̀já ló fi wé e lábẹ́ aṣọ. Ọkàn Àǹtí balẹ̀, ó tilẹ̀ jókòó, ó mu omi. Wọ́n ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Oṣù ń lọ, Abẹ́rẹ́ ń kí i, ó ń bá a rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá a tún aṣọ rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Títí Àǹtí fi wá sọ fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ pe àwọn obìnrin jọ ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan, àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò tó kàn, pé ìyàwó òun ni òun fẹ́ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Abẹ́rẹ́ ní inú òun dùn sí i. Ó rán aṣọ tuntun fún ọjọ́ náà, bọ́tìnì rẹ̀ tò wálẹ̀ níwájú.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àǹtí gba máíkì, ó sọ bí ẹwà kò ṣe gbọ́dọ̀ sọ èèyàn di tálákà. Ó wá fa Abẹ́rẹ́ síwájú, ó ní ìyàwó àbúrò òun rèé, kó sọ bó ṣe rí fún wọn.

Abẹ́rẹ́ gba máíkì. "Kàkà kí n sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó ń tú bọ́tìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó tú ọ̀já. Àpá náà nípọn, ó dúdú, ó wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì bí aṣọ tí afọ́jú rán. Ihò kan wà lápá òsì tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀. Ìdodo ti sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àǹtí súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

Abẹ́rẹ́ kò gbé máíkì kúrò lẹ́nu. "Ilé kọ́ lẹ ti fi mí sílẹ̀, Àǹtí."

Ohun tí Àǹtí kò rò tì ló wá ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò ní kí àwọn obìnrin náà má lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fi títún ara ṣe bú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa fi abẹ kàn wọ́n ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń mú wọn lọ. Kí wọ́n fúnra wọn wá nọ́ńbà ọsibítù náà. Kí wọ́n bèèrè ẹni tó máa kùn wọ́n lóorun, àti ẹni tó máa dúró tì wọ́n bí egbò bá kẹ̀. Kí wọ́n má sì wọ ọkọ̀ òfurufú padà kí dókítà tó ní ó yá. Lẹ́yìn náà ló so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ àwòrán tí Àǹtí gbé wá, ó fi pe ilé funfun, ojú dókítà tó wọ awò sì yọ gàdàgbà lára ògiri, níbi tí Àǹtí ti fẹ́ fi àwòrán tirẹ̀ hàn. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: dókítà kò mọ obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́rẹ́ yìí rí.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bi dókítà ní ìbéèrè. Wọ́n bèèrè iye, wọ́n bèèrè ìrora, wọ́n bèèrè ọjọ́ ìsinmi. Inú gbọ̀ngàn tí Àǹtí háyà, lórí àga tí Àǹtí tò, ni wọ́n ti ń ṣe é, Àǹtí sì dúró bí ẹni tó wá bá wọn gbé omi. Obìnrin méjì dìde lẹ́yìn pátápátá. Àǹtí ti mú àwọn náà lọ rí, wọ́n sì ní àpá tí wọ́n ń fi aṣọ bò. Àtibẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ.

Kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ wá. Ìyá arúgbó náà fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ sáré gbé e dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó fún un ní àga. Ó ní, "Màámi, ẹ máa bínú sí mi. Mi ò ní fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn." Ìyá náà sunkún títí, Abẹ́rẹ́ jókòó tì í, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Mẹkáníìkì ló fi ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé, nígbà tó sì dé, kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Abẹ́rẹ́ fara mọ́ ọn. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọfà tí òun ta á ba ẹlòmíì pẹ̀lú.

Adájọ́ ní kí Àǹtí Dáradára lọ ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan máa ń ní ẹ̀san kì í dùn tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ti Abẹ́rẹ́ dùn. Ó jókòó nínú kóòtù, ó wo bí wọ́n ṣe ń mú àna rẹ̀ jáde, ó sì rí i pé òun tún lè mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló padà lọ sí ilé funfun, pẹ̀lú mẹ́rin nínú àwọn obìnrin ọjọ́ gbọ̀ngàn. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà tún àpá rẹ̀ ṣe débi tó lè tún un ṣe dé. Ọkọ rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ó bèèrè bó ṣe ń dùn ún sí.

Mẹkáníìkì náà máa ń lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Abẹ́rẹ́ kì í bá a lọ, kì í sì í dí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní Àǹtí ní kí òun bá wọn bẹ̀ ẹ́, pé kó dárí jì wọ́n.

Abẹ́rẹ́ ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ kan lọ́wọ́. Ó rán an dópin, ó já òwú rẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́," ló wí, ó sì mú aṣọ mìíràn.