Iná Ẹ̀yìn Tírélà

Bí wọ́n bá ń ki mọ́tò bí wọ́n ṣe ń ki ènìyàn, jíìpù ọkọ Ìyá Aránṣọ kò ní ṣàì gba tirẹ̀. Àràárọ̀ ni bàbá náà ń kí i kó tó kí ìyàwó: "Arógunmásàá, a-gòkè-má-mí-kanlẹ̀, a-wọ-ẹrẹ̀-bí-ẹni-wọ-yàrá." Ìyàwó a dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí Arógunmásàá náà wá gbọ́únjẹ àárọ̀ fún un.

Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹrù ẹlẹ́rù ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé kọjá lẹ́bàá àwọn ibi tó rẹwà, kò sì gbọdọ̀ dúró wò wọ́n. Ó wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó òun yóò tún àwọn ọ̀nà náà rìn, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn yóò sùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi wọ́n pé kí ló pẹ́ wọn.

Bó ṣe ra jíìpù àlòkù nìyẹn. Ó gbé e ga lórí sípíríìngì tuntun, ó wọ táyà olójú gbàǹgbà sí i, ó ri ọ̀pá ìmí mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dé òrùlé, kí ẹ́ńjìnnì má baà mu omi bí wọ́n bá ń la odò kọjá. Tírélà kékeré tí jíìpù yóò máa fà, òun fúnra rẹ̀ ló jó irin rẹ̀ pọ̀. Ààrò gáàsì rẹ̀ ń fà jáde láti ẹ̀gbẹ́, àgbá omi wà níwájú gan-an, nítorí tírélà tí ìdí rẹ̀ bá wúwo ju orí lọ, ìrù ni yóò máa jù kiri lójú ọ̀nà. Ìyá Aránṣọ ló rán àgọ́ tó ń ṣí lórí rẹ̀ bí agboòrùn. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́ lórí tápólì àgọ́ yẹn, ó ṣẹ́ títí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń bá ọkọ ṣe tọkọ ni. Àmọ́ nígbà tó rán fèrèsé àgọ́ tán, tó yọ orí níbẹ̀ wo ìta, ìrìn àjò náà di tirẹ̀.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ojú ọkọ rẹ̀. Bàbá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń wọlé. Bó bá jáde, a ní oògùn kíkán sójú ni wọ́n fún òun, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó ti kí kóòtù tí ìyàwó fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹ káàárọ̀ o, nígbà tí wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni òun ń kí sílẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ ìyá láago pé kí wọ́n ta jíìpù náà kíá.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbéra, iná ẹ̀yìn tírélà nìkan ló kù. Bàbá ní òun kò ní pe rewáyà kankan. Òun ti ń so wáyà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kí wọ́n tó bí rewáyà. Nírọ̀lẹ́, ó jókòó sídìí sitiárìn, ìyàwó dúró lẹ́yìn tírélà kó lè máa pe ohun tó bá tàn. Bàbá ní òun ti tẹ bírèkì, ǹjẹ́ ó tàn?

Ìyá Aránṣọ wo iná náà. Iná bírèkì dúdú bí ìkòkò. Èyí tó yẹ kó máa ṣẹ́jú bí mọ́tò bá fẹ́ yà sósì ló tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí wáyà ti pàdé. Téèpù náà dì dáadáa, ọwọ́ ọ̀gá ló dì í. Ṣùgbọ́n pupa ló so mọ́ yẹ́lò. Ìka kò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ojú ni kò bá a ṣe é mọ́.

Bó bá ní ó tàn, rewáyà lè wá tún un ṣe bí bàbá bá sùn lọ́sàn-án. Wọn yóò gbéra, ọkùnrin tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí yẹ́lò yóò sì máa wà á lọ létí ọ̀gbun. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n lè tà á, ẹlòmíràn ni yóò sì máa wo ìta láti fèrèsé tó rán. Olúwa, ó sọ nínú ara rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ tí kò ní fọ́ ọkàn ọkọ mi sí mi lẹ́nu.

Ó lọ bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Bàbá wọn, pupa lẹ so mọ́ yẹ́lò."

Bàbá nawọ́ sí ìta. "Ilẹ̀ tó ń ṣú yìí náà ni."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sitiárìn. "Lọ́sàn-án náà."

Ó wá tú àṣírí náà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti ní kó má wakọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló bà á pé bí ìyàwó bá gbọ́, yóò ká àgọ́ rẹ̀ nílẹ̀; ó ní òun kàn fẹ́ gbé e dé àwọn ibi tó rẹwà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ná.

"Ẹ fẹ́ gbé mi débẹ̀, àbí ẹ fẹ́ gbé mi jù sí kòtò?"

Inú bí i, kò sì fi pamọ́. Ó ní ọrùn tòun náà wà nínú mọ́tò ọ̀hún. Bàbá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n tà á, ọmọ tó ní kí wọ́n tà á kò purọ́. Bó ṣe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí táyà tó ń jò, ìbínú obìnrin náà sì rọ̀ kó tó mọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ń wa mọ́tò."

"Èyí tó o fi ń lọ ra òwú? Ìyẹn kò fa nǹkan kan lẹ́yìn."

"Ẹ kọ́ mi nígbà náà. Ẹnu yín kò fọ́jú."

Ó pẹ́ kí bàbá tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bírèkì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ tọ iwájú mọ́tò yíká, ó jókòó sí àga kejì bí àlejò, ìyá sì bọ́ sídìí sitiárìn. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, kí ó di ìsàlẹ̀ sitiárìn mú; ibi tó bá fẹ́ kí ìdí tírélà lọ, ibẹ̀ ni kó ti ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó rọrùn lẹ́nu. Tírélà ká bí ọ̀bẹ tó ń ká sínú èèkù kí ìyá tó wo dígí rárá.

"Dúró, ó ti ń ká," ni bàbá wí. "Mo gbọ́ táyà ọ̀tún tó ń fẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀. Lọ síwájú, tún un mú."

Ó tún un mú. Ohun kan fọ́ lẹ́yìn. Bàbá béèrè bóyá ìkòkò òdòdó ni, ìyá ní òun ni, bàbá ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí òun ti fẹ́ kí ẹnìkan bá òun mú un kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbà pé rewáyà yóò wá láàárọ̀, pé wọn kò sì ní gbéra títí ìyá yóò fi lè fi ẹ̀yìn gbé tírélà wọ ibikíbi tí bàbá bá pè.

Nígbà tí tírélà wọ ààyè rẹ̀ tààrà lẹ́ẹ̀kan báyìí, inú bàbá dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀nà sílẹ̀: wọn kò ní gba ti òkè, ti etí odò ni wọn yóò gbà, ibi afárá sì ni wọn yóò kọ́kọ́ sùn.

Ìyá Aránṣọ pa ẹ́ńjìnnì, ó kọjú sí i. Ọ̀nà òkè ni òun fẹ́ràn.

"Ta ló ń wakọ̀?"

 Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá bẹ́líìtì àga kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Ìwọ ni," ó ní.